Sumhuram àti Al-Baleed: Àkọsílẹ̀ Ìrìn-Àjò sí Àwọn Èbúté Tùràrí ní Oman

Kí ẹ tó gbéra

Salalah wà ní gúúsù pátápátá lórílẹ̀-èdè Oman, ní ẹkùn Dhofar, létí òkun tó lọ bá Íńdíà. Èbúté àtijọ́ méjì ló wà lágbègbè rẹ̀. Sumhuram ni ẹ̀gbọ́n: wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó ní ọ̀rúndún 3 ṣáájú ìbí Jésù, ó sì di ahoro ní ọ̀rúndún 5 lẹ́yìn ìbí rẹ̀. Al-Baleed, tí àwọn ìwé àtijọ́ ń pè ní Zafar, ni àbúrò, òun ló sì gbé òwò náà dé ìgbà tí àwọn Pọtogí wọ òkun Íńdíà. Ọjà pàtàkì kan náà ni àwọn méjèèjì tà: tùràrí, irú èyí tí àwọn amòye kó pọ̀ mọ́ wúrà àti òjíá lọ bá ọmọ tuntun ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù. Ní ọdún 2000, àjọ UNESCO kọ ibi mẹ́rin ní Dhofar sínú ìwé ogún àgbáyé: èbúté méjèèjì yìí, àfonífojì igi tùràrí ní Wadi Dawkah, àti Shisr nínú aṣálẹ̀.

Oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta ni kí ẹ lọ. Ooru ọ̀sán kì í sábà kọjá 31°C, súwẹ́tà fẹ́lẹ́ kan sì ti tó fún alẹ́. Àwọn ará ibẹ̀ fúnra wọn fẹ́ràn oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án, tí wọ́n ń pè ní kharif, nígbà tí ìkùukùu àti òjò wínníwínní máa ń bo òkè, tí gbogbo ilẹ̀ á sì tutù yọ̀yọ̀. Ẹni tó bá tìtorí ahoro lọ kò gbọ́dọ̀ bá wọn dé ibẹ̀ nígbà yẹn: hòtẹ́ẹ̀lì á wọ́n, mọ́tò á kún ojú títì, òkun á sì máa ru débi pé èèyàn ò ní gbà pé ọkọ̀ kankan gúnlẹ̀ síbẹ̀ rí. Ẹ̀fúùfù ló fa gbogbo rẹ̀. Nígbà òtútù, ó máa ń fẹ́ láti àríwá-ìlà-oòrùn, òun ló ń ti ọkọ̀ láti Íńdíà wá sí ilẹ̀ Lárúbáwá. Tí kharif bá dé, á yí padà, á máa fi agbára fẹ́ láti gúúsù-ìwọ̀-oòrùn, kò sì sí atukọ̀ tó máa fẹ́ sún mọ́ etíkun yẹn mọ́. Àsìkò tí àlejò ìsinsìnyí ń lọ náà ni èbúté wọ̀nyí ń ṣiṣẹ́ láyé àtijọ́.

Ẹni tó ní pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà gbọ́dọ̀ ti gba físà kó tó wọ bàálù. Láti Muscat, olú-ìlú Oman, ọkọ̀ òfuurufú kò lò ju wákàtí kan àtààbọ̀ sí méjì lọ dé Salalah. Ojú títì jẹ́ nǹkan bíi 1,000 kìlómítà, aṣálẹ̀ ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Owó wọn ni rial, rial kan pín sí baisa 1,000, ó sì ju dọ́là Amẹ́ríkà méjì àtààbọ̀ lọ. Àlejò máa ń rí 100 lára owó bébà, á rò pé owó ńlá ló mú dání, bẹ́ẹ̀ baisa ni, ìdá kan nínú mẹ́wàá rial. Òdìkejì rẹ̀ ló ń dá gbèsè síni lọ́rùn: kéèyàn máa ná rial márùn-ún márùn-ún bí ẹni ń ná náírà.

Ẹ yá mọ́tò ní pápákọ̀ òfuurufú, torí kò sí bọ́ọ̀sì tí ẹ lè gbẹ́kẹ̀ lé lọ sí àwọn ahoro wọ̀nyí. Mọ́tò kékeré ti tó. Apá ọ̀tún ni wọ́n ń gbà, bíi ti Nàìjíríà. Ará London ló máa kíyè sára jù. Lóru, ẹ má wakọ̀ lójú ọ̀nà Taqah sí Mirbat bí kò bá pọn dandan. Ràkúnmí kì í yà fún mọ́tò, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì gùn: bí bọ́ńpà bá gbá ẹsẹ̀ yẹn, gbogbo ara ẹranko náà ló máa já lu gíláàsì iwájú, tí á wọlé bá ẹni tó ń wakọ̀.

Ọjọ́ kìn-ín-ní: Al-Baleed

Ahoro Al-Baleed wà nínú ìlú Salalah gan-an, létí òkun, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tùràrí tí wọ́n ṣí ní 2007 sì wà nínú ọgbà kan náà. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣe é sódì: wọ́n á rìn nínú oòrùn láàárín ògiri tí kò ga ju orúnkún lọ, wọn ò ní mọ ohun tí wọ́n ń wò, àárẹ̀ á sì ti mú wọn kí wọ́n tó dé ibi tí àlàyé wà. Tó bá jẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ni, ẹ yẹ àkókò ìṣílẹ̀kùn wò ṣáájú, torí àárọ̀ Jímọ̀ kì í ṣe ti iṣẹ́ níbẹ̀. Jímọ̀ àti Sátidé ni òpin ọ̀sẹ̀ wọn.

Gbọ̀ngàn méjì ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan fún ìtàn, ìkejì fún òkun. Ti ìtàn ni ẹ ti máa rí bí ibi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣe so mọ́ra wọn, ẹ má kánjú níwájú máàpù. Ṣùgbọ́n gbọ̀ngàn òkun ló yẹ kó gba àkókò yín. Ẹ sún mọ́ àwọn ọkọ̀ kékeré tí wọ́n fi ṣe àpẹẹrẹ níbẹ̀, kí ẹ wo ìsopọ̀ pákó sí pákó. Ẹ ò ní rí ìṣó. Wọ́n á lu ihò wẹ́wẹ́ sí etí pákó kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fi okùn tí wọ́n fi ìhọ́ àgbọn lọ́ rán wọn pọ̀, wọ́n á ki nǹkan rírọ̀ sábẹ́ okùn náà kí omi má bàa gba ojú ìrán wọlé, wọ́n á wá fi òróró ẹja pa gbogbo ara rẹ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n rán máa ń fà díẹ̀ bí ìdí rẹ̀ bá gbá iyanrìn tàbí òkúta, nígbà tí èyí tí wọ́n kàn níṣòó lè là. Àléébù rẹ̀ ni pé okùn máa ń jẹrà, wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa tú u rán lóòrèkóòrè.

Àwọn awalẹ̀pìtàn rí ẹ̀rí èyí nínú ahoro fúnra rẹ̀. Láàárín ògiri ilé olódi Al-Baleed, wọ́n bá pákó ọkọ̀ àtijọ́ tí ihò ìrán ṣì wà ní etí wọn, tí àwọn kọ́lékọ́lé tún lò bí ìtẹ̀lé òkè ẹnu ọ̀nà àti àjà. Dhofar kò ní igi ńlá, láti Íńdíà ni wọ́n ti ń ra pákó ọkọ̀, ta ló máa wá fi irú ẹ̀ dáná?

Bí oòrùn bá ti ń rọlẹ̀, ní nǹkan bí aago mẹ́ta àtààbọ̀, ẹ jáde sí ahoro. Oòrùn máa ń wọ̀ kí aago mẹ́fà tó lù nígbà òtútù, nítorí náà wákàtí méjì ló wà níwájú yín. Ìlú náà gùn ju kìlómítà kan lọ létí òkun; mọ́tò kékeré oníná wà fún ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn. Mọ́sálásí ńlá ni kí ẹ kọ́kọ́ wá kàn. Òpó 144 ló gbé òrùlé rẹ̀ dúró, ìdí wọn nìkan ló kù báyìí, wọ́n tò ní ìlà ní ìlà. Ẹ dúró sí ẹ̀yìn, kí ẹ kọjú sí mihrab, ihò ara ògiri tó ń tọ́ka sí Mẹ́kà, kí ẹ tó máa rìn wọ inú mọ́sálásí náà. Láti ẹ̀gbẹ́, òkúta tó fọ́n káàkiri lásán lẹ máa rí. Nítòsí rẹ̀ ni ilé olódi tí wọ́n ń pè ní Husn, òun ló ga jù nínú gbogbo ahoro náà.

Ní ẹ̀yìn ìlú, lápá àríwá, ọ̀sà kan wà tí esùsú ti kún etí rẹ̀. Èbúté nìyẹn. Ọ̀pọ̀ àlejò máa ń kọjú sí òkun, wọ́n á máa bèèrè ibi tí ọkọ̀ ń dúró sí, wọ́n á sì kọ ẹ̀yìn sí i.

Ní nǹkan bí 1220, ọba kan nínú ìdílé al-Habudi tún ìlú náà kọ́, ó sì mọ odi yí i ká; ní 1278 àwọn Rasulid láti Yemen gbà á lọ́wọ́ ìdílé yẹn. Ẹṣin àti tùràrí ni wọ́n ń kó lọ sí Íńdíà. Ọkọ̀ ọba Ṣáínà tí Zheng He darí kàn sí i ní ọ̀rúndún 15, àpáàdì àwo Ṣáínà sì pọ̀ nínú ohun tí wọ́n hú níbẹ̀. Ibn Battuta, arìnrìn-àjò ará Mòrókò tó dé ibẹ̀ ní ọ̀rúndún 14, sọ pé ọjọ́ 28 ni ọkọ̀ òun lò láti Kalikut ní Íńdíà, láìdúró tọ̀sán-tòru. Ó tún ráhùn nípa eṣinṣin inú ọjà, ẹja àti èso tí wọ́n ń tà níbẹ̀ ló fà á.

Ọjọ́ kejì: Sumhuram

Ẹ gbéra kí aago méje àárọ̀ tó lù. Ọ̀nà Taqah ni ẹ máa tọ̀ lọ sí ìlà-oòrùn. Nǹkan bí ogójì kìlómítà ni gbogbo rẹ̀, àmì aláwọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n kọ Khor Rori, orúkọ ọ̀sà ibẹ̀, sí ló máa yà yín sọ́wọ́ ọ̀tún lẹ́yìn Taqah. Kò sí igi tó ní ibòòji lórí òkè ahoro náà. Lítà omi méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, fìlà, àti bàtà tí ìdí rẹ̀ nípọn: òkúta ẹsẹ̀ ọ̀nà mú.

Kí ẹ tó wọ inú ìlú, ẹ lọ sí etí òkè náà, kí ẹ wo ìsàlẹ̀. Ọ̀sà gígùn kan ń bọ̀ láti Wadi Darbat lẹ́yìn òkè, ó ń lọ sí òkun láàárín àpáta gíga méjì tó dúró bí òpó ẹnubodè. Ṣùgbọ́n kò dé òkun. Òkìtì iyanrìn ló dí ẹnu rẹ̀ pa, ràkúnmí ń rìn kọjá lórí rẹ̀, ẹyẹ flamingo sì ń ṣa oúnjẹ nínú omi fẹ́lẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ohun tó pa ìlú náà nìyẹn, tàbí kí a kúkú sọ pé ó wà lára ohun tó pa á. Nígbà tí ẹnu ọ̀sà ṣì là, ọkọ̀ lè wọlé wá sinmi nínú omi tí ìgbì kò dé. Bí òkun ṣe ń ti iyanrìn wá, tí omi odò kò sì lágbára tó láti gbá a jáde, ìlẹ̀kùn náà tì. Ní ìgbà kan náà, òwò tùràrí pẹ̀lú Róòmù ti ń rẹ̀ sílẹ̀, kò sí ẹni tó máa náwó gbẹ́ ẹnu ọ̀sà mọ́. Fún ìgbà díẹ̀, omi ńlá ìjì lè ya òkìtì iyanrìn náà. Ẹ rántí pé ìjì Mekunu kọlu Salalah ní oṣù karùn-ún 2018.

Ìlú náà kò tóbi, bíi hẹ́kítà kan péré, ẹ̀mí ogun ló sì wà lára rẹ̀. Ẹnubodè ni kí ẹ fi àkókò sí jù. Ẹ ò lè rìn tààrà wọlé. Ọ̀nà náà yí, ìlẹ̀kùn kan tẹ̀lé òmíràn, débi pé ẹni tó bá fẹ́ fi agbára wọlé á kọ ẹ̀gbẹ́ sí àwọn tó wà lórí odi. Lára ògiri ọ̀nà náà ni àwọn òkúta tí wọ́n gbẹ́ ọ̀rọ̀ sí wà. Lẹ́tà àwọn ará gúúsù Lárúbáwá àtijọ́ ni, musnad: ó dúró ṣánṣán, igun rẹ̀ mú, ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ti ń kà á sí òsì. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọba Hadramawt, ìjọba àtijọ́ kan ní gúúsù Lárúbáwá, ló ní kí wọ́n tẹ ìlú náà dó, àti pé láti Shabwa, olú-ìlú rẹ̀, ni àwọn èèyàn ti wá. Aago mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án àárọ̀ ni kí ẹ wò ó, nígbà tí oòrùn ń gba ẹ̀gbẹ́ kọjá lára òkúta, tí òjìji á wọ inú ojú lẹ́tà. Lọ́sàn-án gangan, ojú òkúta á funfun bọ́, ẹ ò ní rí nǹkankan nínú fọ́tò. Ẹ má fọwọ́ tọ ojú lẹ́tà náà.

Nínú, ẹ wá ilé ńlá tí kànga wà nínú rẹ̀, tẹ́ńpìlì tó fara ti odi àríwá, àti àwọn yàrá ìkẹ́rùpamọ́. Sin ni òrìṣà tí àwọn ará Hadramawt ń bọ, orúkọ rẹ̀ sì wà nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbẹ́ níbẹ̀. Àwọn yàrá ìkẹ́rùpamọ́ yẹn ló sọ ohun tí ìlú náà wà fún. Ìwé atọ́nà kan tí atukọ̀ kan fi èdè Gíríìkì kọ ní ọ̀rúndún 1 dárúkọ èbúté kan ní apá yìí, Moscha, èyí tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé Sumhuram ni. Ó ní ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Íńdíà, bí àsìkò bá ti lọ, á lo ìgbà òtútù níbẹ̀, á fi aṣọ, àlìkámà àti òróró yànmọ̀tí gba tùràrí lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ọba. Tùràrí wà nílẹ̀ ní òkìtì òkìtì láìsí ẹ̀ṣọ́, ṣùgbọ́n bí ẹyọ kan bá wọ ọkọ̀ láìgba àṣẹ ọba, ọkọ̀ náà kò ní lè kúrò. Ohun tí wọ́n hú jáde bá ìròyìn yìí mu: àpáàdì ìkòkò wáìnì láti òkun Mẹditaréníà, ère idẹ kékeré ti obìnrin kan láti Íńdíà, àti àpáàdì kan tí wọ́n kọ orúkọ èèyàn sí ní lẹ́tà Tamil-Brahmi.

Wendell Phillips, ará Amẹ́ríkà, ni ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ walẹ̀ níbẹ̀ ní àwọn ọdún 1950. Láti ìparí àwọn ọdún 1990, àwọn ará Ítálì láti Yunifásítì Pisa ló gba iṣẹ́ náà ṣe. Bí ẹ bá rí àpáàdì lẹ́sẹ̀ ọ̀nà, ẹ fi sílẹ̀. Yàtọ̀ sí pé òfin kò gbà á, ibi tí àpáàdì wà gan-an ló ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀. Tí ó bá ti wọ àpò, ó ti di amọ̀ lásán.

Ní bíbọ̀, ẹ yà sí ilé olódi Taqah fún bí ìṣẹ́jú ogójì. Ọ̀rúndún 19 ni wọ́n kọ́ ọ, kò kan òwò àtijọ́, ṣùgbọ́n yàrá ìdáná, ìkòkò àti ohun èlò ilé tó wà níbẹ̀ ń fi hàn bí àwọn olóyè Dhofar ṣe gbé láyé tí kò jìnnà.

Ọjọ́ kẹta: Mirbat

Ọjọ́ ìsinmi ni kí ẹ pè é. Mirbat fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 70 kìlómítà sí Salalah, èbúté tùràrí àti ẹṣin lòun náà láyé àtijọ́. Ilé oníṣòwò tí wọ́n fi òkúta kọ́, tí fèrèsé igi gbígbẹ́ wà lára wọn, ń wó lọ díẹ̀díẹ̀ nítòsí etí omi. Ẹ má wọ inú wọn, àjà wọn kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Sàréè Bin Ali, ilé funfun olórí ribiti méjì láàárín ibojì, wà níta ìlú: ẹ bọ́ bàtà, obìnrin á bo orí.

Ohun tó yẹ kí ẹ wò jù níbí wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Nígbà òtútù, àwọn apẹja máa ń tẹ́ sàdíìnì sórí iyanrìn etíkun lọ rẹrẹẹrẹ kí oòrùn lè gbẹ ẹ́. Ẹran ọ̀sìn ló máa jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ràkúnmí àti màlúù, nígbà tí koríko bá tán. Ibn Battuta rí ohun kan náà, ó sì yà á lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ tó fi kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ gba apá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá kọjá, kì í ṣe ibi tó ń fẹ́ lọ.

Ọjọ́ kẹrin: Wadi Dawkah àti Shisr

Ẹ kún táǹkì epo kí ẹ tó kúrò ní Salalah. Ojú títì Thumrait gun òkè lọ sí àríwá, ní nǹkan bí ogójì kìlómítà ẹ máa rí àmì Wadi Dawkah. Ẹ kíyè sí bí ilẹ̀ ṣe ń yí padà: ìkùukùu kharif kì í kọjá ṣóńṣó òkè, ẹ̀yìn rẹ̀ gbẹ táútáú, ibẹ̀ gan-an sì ni igi tùràrí fẹ́. Ó fẹ́ atẹ́gùn tútù tó ń ti òkè náà wá, kò fẹ́ òjò rẹ̀.

Igi kúkúrú ni, ẹ̀ka rẹ̀ lọ́ pọ̀, èèpo rẹ̀ ń ṣí bíi bébà. Ìgbà ooru ni wọ́n ń kọ ọ́ jù, kì í ṣe ìgbà òtútù, nítorí náà ojú ọgbẹ́ àtijọ́ àti oje gbígbẹ lẹ máa rí. Irin ẹlẹ́nu pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní manqaf ni wọ́n fi ń họ èèpo díẹ̀ kúrò. Oje àkọ́kọ́ tó jáde kò wúlò. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n á tún ojú kan náà họ. Èyí tó bá sun lẹ́yìn náà ló ń dára sí i, òun ni wọ́n ń kó tà. Igi tí wọ́n bá kọ láìjẹ́ kó sinmi kì í sábà so èso tó lè hù, ọ̀nà tí oko tùràrí fi ń kú lọ láìsí ariwo nìyẹn. Ẹ má ṣe fi ọ̀bẹ dán an wò.

Shisr fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 170 kìlómítà sí Salalah. Ní 1991 àti 1992, ẹgbẹ́ kan tí Ranulph Fiennes, arìnrìn-àjò ará Gẹ̀ẹ́sì, àti Juris Zarins, awalẹ̀pìtàn, wà nínú rẹ̀ lo àwòrán rédà tí wọ́n yà láti ojú òfuurufú lókè réré láti wá ipa ọ̀nà ràkúnmí àtijọ́, wọ́n sì walẹ̀ kan odi kan níbẹ̀. Ìròyìn gbé e kiri pé Ubar ni, ìlú inú ìtàn àtẹnudẹ́nu tí wọ́n ní aṣálẹ̀ gbé mì, àwọn mìíràn so ó mọ́ Irama olópòó tí Súrà Al-Fajr nínú Kùránì dárúkọ. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tó dájú ni pé odi ààbò tó yí omi ká ni, tí àwọn oníràkúnmí ń dúró sí, àti pé ihò òkúta abẹ́ rẹ̀ dà wó, tó sì gbé apá kan ilé náà mì. Odi kúkúrú àti kòtò ńlá lẹ máa rí. Bí àkókò yín kò bá pọ̀, Shisr ni kí ẹ yọ kúrò. Ẹni tó bá retí òpó wúrà, ìbínú ló máa gbé padà.

Ọjọ́ karùn-ún: ọjà Al-Haffa

Lẹ́yìn ahoro, ẹ lọ ra ohun tí wọ́n torí rẹ̀ kọ́ ọ. Orúkọ mẹ́rin lẹ máa gbọ́: Hojari ló ga jù, láti apá ìlà-oòrùn tó gbẹ, Najdi wá láti ẹ̀yìn òkè, bíi ti Wadi Dawkah, Shazri láti òkè ìwọ̀-oòrùn, Shaabi, ti etíkun, ló rọjú jù. Gbogbo ọlọ́jà ló máa sọ pé Hojari ni tòun. Ẹ mú ẹyọ kan, kí ẹ gbé e sí ìmọ́lẹ̀: èyí tó dára máa ń mọ́ gaara, á funfun tàbí kó wo àwọ̀ ewé, òórùn rẹ̀ á sì fẹ́ jọ ti ọsàn wẹ́wẹ́. Èyí tó pupa dúdú, tí èèpo igi lẹ̀ mọ́ ọn, òórùn rẹ̀ wúwo, kò sì yẹ kí owó rẹ̀ ga. Ẹ yẹ ìsàlẹ̀ àpò wò pẹ̀lú òkè rẹ̀, torí wọ́n máa ń to ẹyọ ńlá sókè, kí ìyẹ̀fun wà nísàlẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n sun díẹ̀ níwájú yín. Kò sí ẹni tó máa bínú sí i.

Nílé, ẹ jẹ́ kí èédú jó títí eérú funfun á fi bo gbogbo ojú rẹ̀ kí ẹ tó fi tùràrí lé e. Ẹyọ kan tó tó èkúrọ́ kékeré ti tó fún pálọ̀. Èédú tó ṣì ń jó pupa á sun oje náà lójijì, èéfín rẹ̀ á dúdú, á sì máa ta ni lófun. Ẹni tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí máa ń rò pé wọ́n ta ayédèrú fún òun. Bí ẹ bá ń padà bọ̀ wálé, ẹ fi tùràrí sínú agolo tó dé dáadáa, ẹ gbé e sínú ẹrù ọwọ́. Èédú alájòyára tí wọ́n ń tà pẹ̀lú rẹ̀ ńkọ́? Ẹ fi sílẹ̀ lọ́jà: ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kì í gbà á láàyè, torí ó lè gbiná fúnra rẹ̀, wọ́n á sì tú gbogbo báàgì yín nítorí rẹ̀.